Ohun Tí Mo Sọ Nípa Ọwọ́ Bàbá Mi

Iná ló jó Bàbá lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin láti máa sọ nìyẹn, láti ìgbà tí a ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Bí wọ́n bá bi wá nílé ìwé, iná ni. Bí àlejò bá tẹjú mọ́ àwọn ìka rẹ̀ tó ká kò ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á ní, "Ẹ ṣáà máa bá wa dúpẹ́. Ilé ìdáná ló gbiná lọ́jọ́ náà."

Kò sí ilé ìdáná kankan tó gbiná. Ẹ̀tẹ̀ ni. Ó ti mú Bàbá kí wọ́n tó bí mi. Ó lọ gba oògùn ní ilé ìwòsàn kan tó jìnnà sí ìlú wa, ó lò ó tán, ó sì san. Nígbà tí mo fi mọ̀ ọ́n ní baba, kò sí àrùn kankan lára rẹ̀ mọ́. Ohun tí àrùn náà kó lọ tí kò dá padà ni ìmọ̀lára ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó lè gbé ìkòkò gbígbóná kúrò lórí ààrò kó má mọ̀, àfi tí òórùn awọ tó ń jó bá ta á nímú. Ẹ̀gún lè wọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nínú oko kájú, kó sì gbé e wálé láìmọ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ mi ni láti yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò kí a tó jẹun alẹ́. Á nà án sí mi, á máa bá Màmá sọ̀rọ̀ oko lọ, èmi á máa wá ẹ̀gún. Bí mo bá rí i, màá fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́. Kò ní mira. Ọmọdé ni mí, mo rò pé akin ni Bàbá.

Ìsin la ti wá, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Nílé ìwé wa, tíṣà kan fẹ́ kọ́ wa ní òwe lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Adẹ́tẹ̀ ò lè fún wàrà, ṣùgbọ́n ó lè dà á nù." Ó ká ìka rẹ̀ kò, ó ń ṣe bí ẹni tó ń da igbá nù. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín ju ẹni tó jókòó tì mí lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà wò mí.

Ìwé ni mo kà tí mo fi dé Jámánì. Nínú ìwé tí mo kọ sí ilé iṣẹ́ ìwádìí kan níbẹ̀ láti fi wá àyè, wọ́n ní kí n sọ ìdí tí mo fi fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ yẹn ni láti ṣe awọ fún ọwọ́ àtọwọ́dá, awọ tó lè mọ̀ pé nǹkan fara kan òun. Mo kọ ọ́ pé iná jó bàbá mi lọ́wọ́. Màmá ti kú nígbà náà, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ó dúró lẹ́yìn mi, tó ń wo ohun tí mo ń tẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Ìdákẹ́ ni. Mo máa ń pàdé àgbàlagbà lórí àtẹ̀gùn ilé tí mò ń gbé, orúnkún mi á ti fẹ́ tẹ̀ fúnra rẹ̀, màá sì rántí, màá dúró ṣánṣán bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Wọ́n á mi orí, wọ́n á kọjá lọ. Ọ̀gá mi obìnrin, tó ti hewú, tó tó í bí mi, ní kí n máa pe òun ní Rénáte. Fún oṣù méjì, mi ò pè é ní nǹkan kan. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, màá lọ dúró níwájú tábìlì rẹ̀ títí tó fi máa gbójú sókè.

Òtútù wá dé. Lọ́jọ́ kan, mo gbàgbé ìbọ̀wọ́ mi sílé, bọ́ọ̀sì sì pẹ́. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé, kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú un. Mo rí i pé mo mú un, ṣùgbọ́n ìka mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo ń wo ọwọ́ mi bíi ti ẹlòmíràn. Aago mẹ́rin ọ̀sán ni, ilẹ̀ sì ti ṣú. Mo wọlé, mo jókòó sílẹ̀ nínú balùwẹ̀, mo mú abẹ́rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo mọ̀ pé a kì í jogún ẹ̀tẹ̀. Mo ti ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti máa ń dúró níwájú dígí, tí mo máa ń wá àmì funfun tí ẹ̀tẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ lára mi, ìwé kíkà kò sì lé e lọ. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ padà sí ìka mi, ó dùn mí débi pé omi bọ́ lójú mi, inú mi sì dùn sí ìrora náà. Lẹ́yìn náà ni mo wá rò ó pé ohun tí mo rí fún wákàtí kan yìí ni Bàbá ti ń bá gbé láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Mi ò bi í léèrè rí pé báwo ló ṣe ń rí.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ìjọ kan ní ìlú náà. Mo lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá kan fà mí mọ́ra, ó fún mi ní ìrẹsì, ó wá bi mí pé, "Ọmọ ta ni ẹ́ ní Ìsin? Mo ní ará níbẹ̀."  Mi ò lọ mọ́. Mo ti rò pé ìlú ẹni nìkan ni èèyàn ń fi sílẹ̀ tó bá rìn jìnnà. Mi ò mọ̀ pé irọ́ iná náà bá mi wọ ọkọ̀ òfuurufú, pé kò sí ibi tí mo máa gbé tí mi ò ní máa ṣọ́ ẹnu mi.

Níbi iṣẹ́ nìkan ni mo ti máa ń gbàgbé ara mi. Awọ ara èèyàn kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Awọ òkè wà, awọ ìsàlẹ̀ wà, ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ò sì tẹ́jú. Ó rí bí ìgbà tí èèyàn bá ki ìka ọwọ́ ọ̀tún bọ àárín ìka ọwọ́ òsì. Láàárín wọn àti lábẹ́ wọn ni àwọn ohun kéékèèké tó ń gbọ́ ìfọwọ́kàn wà. Òmíràn ń gbọ́ ohun tó ra lára fẹ́ẹ́, òmíràn ń gbọ́ ohun tó tẹ̀ ẹ́ tí kò kúrò, òmíràn ń mọ̀ bí awọ bá fà, òmíràn sì wà nísàlẹ̀ pátápátá tó ń gbọ́ gbígbọ̀n. A ń fi rọ́bà ṣe irú rẹ̀, a ń tò wọ́n lé ara wọn, a sì ń fi wáyà tó tín-ín-rín ju irun lọ sáàárín wọn. Lẹ́yìn náà, a ó gbé awọ yìí wọ ọwọ́ onírin kan tó wà lórí tábìlì.

Ọwọ́ náà mọ̀ pé òun di nǹkan mú. Ohun tí kò mọ̀ ni ìgbà tí nǹkan fẹ́ bọ́. Bí a bá gbé ife bébà tó ní omi fún un, nínú méjì, á ṣe ọ̀kan: á rún ife náà mọ́wọ́, tàbí kó jẹ́ kó yọ́ bọ́. Oṣù mẹ́fà la fi ń nu omi ilẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń pe Bàbá. Òun nìkan ló wà nílé báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ́kọ sí Òmù-Àrán, ibẹ̀ ló ti ń ṣe tíṣà. Bàbá máa ń gbé fóònù rẹ̀ ti agolo mílíìkì lórí tábìlì, á jókòó níwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Lọ́jọ́ yẹn, a ti kíra, a ti sọ̀rọ̀ òjò, ó ti sọ fún mi pé kájú ò so dáadáa. Mi ò mọ ohun tó gbé mi dé ibẹ̀.

"Bàbá, bí ife bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín, báwo lẹ ṣe ń mọ̀?"

 Mo rí i tó wo ọwọ́ rẹ̀, tó gbé e kúrò lórí tábìlì, sísàlẹ̀ tí mi ò ti lè rí i mọ́.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Iṣẹ́ ni, sà. Ọwọ́ tí à ń ṣe níbí, nǹkan ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ti òyìnbó náà ń bọ́?" Ó wá ní, "Ìka ò sọ nǹkan kan fún mi. Ṣùgbọ́n ohun tó bá fẹ́ bọ́, ó máa ń gbọ̀n kó tó bọ́. Ó kéré gan-an. Ìgúnpá mi ló máa ń gbọ́ ọ. Bí ìgúnpá bá ti gbọ́ báyìí, màá fún ife náà mọ́ra."

"Ìgúnpá?"

"Egungun ló ń gbé e wá. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Mo fọ́ ife púpọ̀."

"Ṣé ẹ sọ fún dókítà rí?"

"Wọn ò bi mí."

Ní Mọ́ńdè, mo sọ fún Rénáte pé a ti ń fi gbogbo ohun tó ń gbọ́ ìfọwọ́kàn, etí ọwọ́ náà, sókè awọ, pé ó yẹ ká fi ọ̀kan sísàlẹ̀, nídìí ọrùn ọwọ́, níbi tí irin ti lè gbé gbígbọ̀n wá bá a. Kò dá a lójú. Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò. Lọ́jọ́ tí a dán an wò, a gbé ife bébà sí ọwọ́ náà, mo ń da omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ife náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ọwọ́ náà fún un mọ́ra díẹ̀, ó tó gẹ́lẹ́, ó sì dúró. Ife ò rún. Omi ò dà. Rénáte, tí kì í fọwọ́ kan èèyàn, gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá ní Sátidé, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí ni, mi ò bá má kọ ìwé yìí.

Wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ wa sílẹ̀ fún aráàlú lọ́jọ́ kan, wọ́n sì ní kí èmi náà sọ̀rọ̀ nípa awọ wa. Gbọ̀ngàn kún. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ọkùnrin kan dìde lẹ́yìn, apá ẹ̀wù rẹ̀ ọ̀tún ṣófo, wọ́n ká a sókè. Ó bi mí pé níbo ni mo ti rí èrò yẹn, èrò ìsàlẹ̀ ọrùn ọwọ́. Mo la ẹnu láti sọ iná. Iná ti wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí dúró síwájú mi pẹ̀lú apá ẹ̀wù tó ṣófo, kò fi í pamọ́, mi ò sì lè wo ojú rẹ̀ purọ́.

Mo ní, "Lọ́dọ̀ bàbá mi ni. Ẹ̀tẹ̀ mú wọn nígbà kan. Ó ti san. Ọwọ́ wọn ò mọ nǹkan mọ́, àwọn ló kọ́ mi."

Ilé ò wó. Kò sẹ́ni tó sún sẹ́yìn. Ọkùnrin náà mi orí, ó ní kí n bá òun kí wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí orúkọ àrùn yẹn máa jáde lẹ́nu mi lójú àwùjọ, ara mi sì fúyẹ́ bí ara ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Wọ́n ń ya fídíò. Mo rí kámẹ́rà náà. Mi ò ní sọ pé mi ò rí i. Ohun tí mo rò ni pé ibi tí mo wà jìnnà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ẹ̀gbọ́n mi pè mí.

"Ẹ káàsán, Àǹtí mi."

"Mi ò kí ẹ. Kí lo sọ fún àwọn òyìnbó?"

Ilé iṣẹ́ wa ti gbé fídíò náà síta. Ọmọ ìlú wa kan tó wà lókè òkun rí i, inú rẹ̀ dùn, ó gbé e sórí Wasáàpù àwọn ọmọ ìlú, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí gbogbo èèyàn wá wo ọmọ wa. Láti ibẹ̀ ló ti dé Òmù-Àrán, ó dé ọwọ́ ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi.

"Wọn ò bá mi jà," ẹ̀gbọ́n mi ní. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Àwo tiwọn ni wọ́n kàn ń gbé wá jẹun báyìí. Lánàá, wọ́n kó àwọn ọmọ mi jókòó sójú oòrùn, wọ́n bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn wọn, wọ́n ń yẹ ẹ̀yìn wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú mi ló ṣe."

"Kí ni ọkọ yín sọ?"

"Ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ fún òun láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra. Kí ni kí n sọ? Màmá ló ní ká má sọ. Màmá sì ti kú."

"Àǹtí mi, ó ti san. Kò lè ran ẹnikẹ́ni."

"Wá sọ ìyẹn fún ìyá ọkọ mi. O ò ní lè wá. O wà níbẹ̀ yẹn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ."

Mo bi í nípa Bàbá. Ó ní Bàbá ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè. Ó ti ìlẹ̀kùn, ó ní òtútù ń mú òun.

Mo pe Bàbá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Fóònù rẹ̀ dún títí ó fi dákẹ́. Mo pè é lọ́jọ́ kejì, mo pè é lọ́jọ́ kẹta. Mo bẹ Rénáte pé kí wọ́n yọ fídíò náà kúrò, wọ́n sì yọ ọ́ kíá. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ohun tó ti wà nínú fóònù àwọn èèyàn kò ṣeé lọ gbà lójúlé dé ojúlé. Rénáte bi mí tọkàntọkàn pé, "Àbí ara bàbá rẹ ò ti yá ni? Wọn ò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣé kò dára kí àwọn èèyàn mọ̀?"  Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ náà kì í ṣe tèmi. Ti Bàbá ni. Mo lọ sínú àpótí rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo mú un, mo fi han àlejò.

Mi ò pe ẹnikẹ́ni lọ́rẹ̀ẹ́ ní àsìkò yẹn. Màá lọ síbi iṣẹ́, màá gbé ife sọ́wọ́ onírin, màá da omi sí i, kò ní bọ́. Màá jókòó, màá máa wò ó. Mo ti ń rò tẹ́lẹ̀ pé ìlú méjì ni mo ní. Mo wá rí i pé ńṣe ni mò ń sọ̀rọ̀ ní ìkíní bí ẹni pé ìkejì dití. Oṣù kan kọjá tí Bàbá ò gbé ìpè mi, ó wọ oṣù kejì.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni fóònù mi dún nílé iṣẹ́. Bàbá ni. Mo sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó pe oríkì mi. Mo ń gbọ́ adìẹ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọkùnrin kan wá bá mi láti Agbamu," ó ní. "Ọ̀kadà ló gùn wá. Ó fi táwẹ́ẹ̀lì bo ọwọ́. Ó bi mí pé ṣé èmi ni baba ọmọ inú fídíò tó wà ní Jámánì. Mo ti fẹ́ lé e. Ó tú táwẹ́ẹ̀lì náà."

"Ẹ̀tẹ̀ ni?"

"Òun ni. Ó ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́. Ó rò pé àfiṣe ni, kò lọ síbì kan, inú yàrá ló ń gbé. Mo ní kó lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní kì í ṣe tòun lòun bá wá. Ó ní òun ní ọmọ ọmọ kan, obìnrin, àmì funfun kan wà léjìká rẹ̀, wọ́n ń fi ìpara pa á. Mo ní kó lọ mú un wá."

"Ó mú un wá?"

"Lọ́jọ́ kejì. Mo ya òwú díẹ̀, mo ní kí ọmọ náà dijú. Mo fi òwú kàn án níbi tó funfun. Kò mọ̀. Mo fi kàn án léjìká kejì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ń rìn òun." Bàbá dúró. "Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wo bàbá bàbá rẹ̀. Kò lè wò mí."

Mo fara ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Mo kó àwọn méjèèjì lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Wọ́n fún wọn ní oògùn, ọ̀fẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo gbé ọwọ́ mi lé tábìlì. Èèyàn pọ̀ níbẹ̀."

"Ẹ ṣeun, Bàbá."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ṣì ń bínú sí ẹ. Ó yẹ kó o bi mí. Ká ní o bi mí ni, rárá ni màá sọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó o bi mí."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ má bínú."

"Mo gbọ́," ó ní, ó sì pa fóònù.

Ara ọmọ náà ń yá, wọ́n ní kò ní pàdánù nǹkan kan, torí pé wọ́n tètè bá a. Ti bàbá bàbá rẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá ti padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Ní ìkejì, ọkùnrin kan láti inú kọ́yà wá jókòó tì í. Ní ìkẹta, bẹ́ǹṣì náà tún ṣófo. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti lọ kí i, ó bá a jẹ iyán. Ìyá ọkọ rẹ̀ ṣì ń gbé àwo tirẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń gbé ìpè mi báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ju mẹ́ta mẹ́rin lọ, á sì sọ pé ọbẹ̀ wà lórí iná. Mi ò dá a lẹ́bi. Èmi kọ́ ni wọ́n bọ́ ẹ̀wù ọmọ mi sójú oòrùn.

Kí n tó kọ èyí, mo pe Bàbá, mo bi í. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rò ó. Ó rò ó fún ọjọ́ mẹ́rin.

"Kọ ọ́," ó ní. "Sọ pé Ìsin ni, Ìsin tóbi. Má dárúkọ mi. Má dárúkọ tìẹ náà, torí tìẹ ni wọ́n máa fi mọ tèmi."

"Ó dáa, sà. Ṣé kí n kọ ọ́ pé ẹ ti dárí jì mí?"



"Kọ ọ́ pé mo pè ẹ́."